Orúkọ Tó Wà Lára Àpò Bébà

Wọ́n ní Bàbá Kánmọ́kánmọ́ ń kó irun aláìsàn lọ tà.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tán. Ìdajì rẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Ìdajì kejì, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ìdajì téèyàn gbà gbọ́ yẹn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ wọ bàtà jáde nílé.

Ẹnu aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti bàbá náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ń wọn apá mi lọ́wọ́ fún aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, ó fi ètè di abẹ́rẹ́ mú, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ń rí àyè jáde.

"Ìyá Akọrin, ẹ gbà mí. Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun fún aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó dáa. Ó ń kó irun náà lọ sílé, ìyẹn ńkọ́? Ó tún ń kọ orúkọ onírun sára àpò. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé ó fẹ́ fi kún ìrọ̀rí ni?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kristẹni ni bàbá yẹn."

"Èmi náà ò kúkú pè é ní kèfèrí. Irun ni mo ní kí ẹ bá mi wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo délé, ẹ̀rín yẹn ò bá mi wọlé.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá tí à ń sọ yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé ìwòsàn àdúgbò wa: yàrá kan, àga kan tó ń yí, dígí ńlá kan tí etí rẹ̀ ti ń dúdú, àti bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Àga tirẹ̀ ò sí níbẹ̀, nítorí kì í jókòó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń dúró sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí yóò máa gbé ara láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa ní ìpàdé àwọn ìyá pé láti ọdún tí òun ti fẹ́ ẹ, òun ò tíì rí i kó jókòó jẹun tán. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa gan-an," ó ní, "nígbà tí àlùfáà ní ká jókòó, èmi nìkan ni mo jókòó." Kánmọ́kánmọ́ lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, òun náà làwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kánjú.

Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, yóò ti ṣọ́ọ̀bù, yóò kó abẹ, sísọ́ọ̀sì, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré kan tó fi téèpù lẹ̀ létí sínú báàgì dúdú, yóò sì sọdá títì lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń ṣe é. Ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ dé àgbọ̀n ara rẹ̀, òun ló ń wá lọ. Kò ní fi abẹ kàn án títí yóò fi gbé dígí síwájú rẹ̀, tí yóò sì bi í pé, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ?" Tí ọ̀rọ̀ ò bá jáde lẹ́nu aláìsàn, á ní kó ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀kan, kí òun gé gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, kí òun fi irunmú sílẹ̀. Nígbà kan, nọ́ọ̀sì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, èyí tí ẹ ń bi bí ẹni ń bi ọkọ ìyàwó yìí, ṣé ibi ìgbéyàwó ló ń lọ ni?"

"Bí mo ṣe ń bi ẹni tó ń lọ síbẹ̀ náà nìyí," bàbá dá a lóhùn. Ó padà sórí àgbọ̀n tó ń fá.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo tún wá mọ̀ ọ́n sí i nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ wọ́ọ̀dù yẹn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹ̀gbọ́n mi. Orí òrùlé ló ti já bọ́, níbi tó ti ń fi bí wọ́n ṣe ń kan pákó hàn àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gun òkè fún un. Nǹkan kan kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun kan ní ọrùn rẹ̀ yẹ̀ tẹ iṣan, ọwọ́ méjèèjì sì kú dànù bí ọwọ́ aṣọ tí kò séèyàn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kékeré kan, ọmọ tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn tó ní:

"Bàbá, ibo la máa kọjú yín sí lónìí? Ibi fèrèsé ni àbí ibi ilẹ̀kùn?"

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé kò tètè mọ èyí tí yóò mú. Láti ìgbà tó ti já bọ́, wọ́n ti gbé e, wọ́n ti yí i, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè nǹkan kan. Mo bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ.

"Bá a ṣe bá a níbí nìyẹn, Mà," ó ní. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá Kánmọ́kánmọ́ dé pẹ̀lú dígí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kó fi irunmú sílẹ̀ fún òun, kó gbẹ́ ẹ bí etí tábìlì. Bàbá gbẹ́ ẹ bí etí tábìlì. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, tó yí ẹyinjú sọ́tùn-ún, tó yí i sósì, ó wá rí bí èèyàn padà.

Bí mo ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá lọ́jọ́ kejì láti lọ dúpẹ́ nìyẹn. Ọpẹ́ ni mo gbé lọ o. Ohun tí mo gbé bọ̀ yàtọ̀. Bàbá wà lẹ́yìn ilé tó ń fọ aṣọ ìnura. Mo ń dúró dè é ni mo bá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìṣó gígùn kan ló wà níbẹ̀, wọ́n gún àwọn àpò bébà kéékèèké mọ́ ọn lórí ara wọn bí ewé. Orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lókè pátápátá, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, orúkọ bàbá wa tẹ̀ lé e lára àpò kan náà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ aránṣọ dìde dúró nínú orí mi. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti kọ́ wa pé abèèrè kì í ṣìnà. Mo mọ̀ ọ́n kọ, mo mọ̀ ọ́n kà, mi ò béèrè. Mo ní kí aránṣọ bá mi kí bàbá, mo sì yára lọ.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rìn káàkiri ilé. Mo gbàdúrà, mi ò rántí ohun tí mo sọ. Ọmọ mi obìnrin pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ohùn yín ń sáré, kí lẹ ń lé?" Mo ní kò sí. Nígbà tó di ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Sátidé, mo fi ẹnu kan etí obìnrin tó ń jókòó tì mí, mo sọ ọ́. Ẹnì kan péré ni mo sọ fún. Mo tún fi "ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o" dì í lókè, bí ẹni fi okùn òwú di ẹnu àpò ìyẹ̀fun. Àbúrò Mẹ́tírọ̀nù ilé ìwòsàn lobìnrin náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Mẹ́tírọ̀nù sọ fún onígéètì pé kó má jẹ́ kí onígbàjámọ̀ wọlé mọ́ títí ìwádìí yóò fi parí. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n dá bàbá padà lẹ́nu géètì.

Ibẹ̀ lọ̀ràn ti wá kàn mí. Dókítà tó mọ iṣẹ́ egungun ọrùn dáadáa, ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, ọjọ́ Ẹtì yẹn ló sì máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti sọ fún wa pé bí ọjọ́ Ẹtì yẹn bá kọjá, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà má jí mọ́. Aago mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n máa bá ẹ̀gbọ́n mi gbé ìka tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́.

"Onígbàjámọ̀ mi dà?" ló fi kí mi káàsán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dí díẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa. Láti kékeré, tó o bá ti ń parọ́, ilẹ̀kùn lo máa ń wò. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yìí ń bà mí, àbúrò mi. Tí n bá máa lọ, mi ò ní gbé irùngbọ̀n òbúkọ lọ bá Olúwa mi."

"Olúwa ò wo irùngbọ̀n."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò ní irùngbọ̀n."

"Nọ́ọ̀sì ní òun á fá a fún yín."

"Ọmọ dáadáa ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ tèmi ti kú." Ó yí ojú sí fèrèsé. "Lọ wá ọkùnrin yẹn wá fún mi. Tó bá ti bi mí bí mo ṣe fẹ́ ẹ, màá tẹ ìka síbi tí wọ́n bá fẹ́."

Mo sọdá títì. Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì; ọlọ́kadà kan bú mi, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Bàbá Kánmọ́kánmọ́ ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mẹ́rin sí dígí. Kò sí oníbàárà kankan.

"Ìyá Akọrin, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ pé wọ́n lé mi? Onígéètì tí mo gé irun ìgbéyàwó fún, ó fi ọwọ́ tì mí láyà! Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti ro gbogbo rẹ̀. Bóyá abẹ mi gé ẹnì kan, mi ò mọ̀."

Dípò kí n sọ ohun tó yẹ, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo nawọ́ sí.

"Bàbá, kí lẹ fi àwọn àpò yẹn ṣe?"

"Èwo? Àwọn yìí? Orí mi nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín. "Orí mi ò gba orúkọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fẹ́ gé irun, ẹnì kan, àpò kan, kí n má bàa fo ẹnikẹ́ni. Nígbà kan, irun dí ojú gọ́tà wọn níbẹ̀, obìnrin tó ń tún ibẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbálẹ̀ lé mi. Ni mo bá ń kó irun kálukú sínú àpò rẹ̀ jáde. Inú ihò ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún ni mo ń da irun sí. Àpò ló kù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ jó wọn, mo rí orúkọ, ó wá dà bí ẹni pé èèyàn ni mo fẹ́ sọ síná. Mo gbé wọn kọ́. Ní àràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá pe orúkọ wọn fún Olúwa. Ẹni tó bá ti lọ sílé, mo yọ tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ sọ́run, mo yọ tirẹ̀ náà, àmọ́ ìyẹn kì í yá."

Mo di ẹ̀yìn àga tó ń yí mú. Ó yí mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ta ló kọ́ yín ní irú èyí?"

"Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi." Ó tún ti dé ìdí dígí, ó ti ń padà bọ̀. "Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹsẹ̀ mi kán. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń to egungun, láti ìdí itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ wò mí, ẹ wo oṣù mẹ́ta! Mo ti jókòó ìjókòó ayé mi tán nígbà yẹn. Àwọn dókítà á wá, wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé tábìlì ni mí. Obìnrin kan wà tó ń nu ilẹ̀. Láràárọ̀, á gbé korobá sílẹ̀, á ní, 'Ọmọ mi, ṣé kí n yí i?' Ìrọ̀rí ni. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á yí ibi tó tutù sókè fún mi. Ó tán. Kò wàásù fún mi rí. Ó kàn máa ń kọrin sí Jésù lábẹ́lẹ̀, orin tó burú, ẹ dárí jì mí, ẹgbẹ́ akọrin yín ò ní gbà á. Lọ́jọ́ kan kò wá. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn. Mo fi igi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ibi tí obìnrin yẹn bá ń lọ ni èmi náà fẹ́ máa lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, Ìyá Akọrin. Mi ò béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ orúkọ sílẹ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Bàbá, ẹ gbé báàgì yín, ẹ jẹ́ ká lọ."

Yàrá Mẹ́tírọ̀nù kéré: tábìlì, àga mẹ́ta, fáìlì tó dé àjà, aago kan lára ògiri. Alàgbà ìjọ wa tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ abẹ̀wò ti wà níbẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù kó wá. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti sọ fún onígéètì pé ọ̀dọ̀ Mẹ́tírọ̀nù là ń lọ kó tó ṣí ọ̀nà fún wa; ọ̀dẹ̀dẹ̀ la gbà wọlé, bàbá sì ti rí nọ́ọ̀sì kékeré yẹn lọ́nà, ó ti ní kó bá òun gbé omi kaná.

"Ẹ jókòó, Bàbá," Mẹ́tírọ̀nù ní.

"Mo dúpẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n mú ẹ̀sùn kan wá, pé—"

"Èmi ni," mo ní. Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àpò ni mo rí lára ìṣó, mi ò béèrè. Àbúrò yín ni mo sọ fún. Kò sí òótọ́ kan níbẹ̀. Orúkọ ló ń fi gbàdúrà."

Alàgbà wo bàtà rẹ̀. Mo ń retí kí bàbá bú mi. Ì bá tù mí lára. Ó kàn wò mí bí ẹni ń wo irun tí ẹlòmíràn ti gé bàjẹ́.

"Ìyá Akọrin," ó ní, "ẹ ò bá kàn bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, kò tíì jáde. Ó ti yíjú sí aago ní tirẹ̀.

Mẹ́tírọ̀nù bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Èmi náà ò bi í," ó ní jẹ́jẹ́. Mo rò pé ó ti parí. Kò parí. "Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn ọ̀gá lókè, mo gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ọdún méjìlélógún, kò sí ìwé kan tó ní ọkùnrin yìí ń wọ ibí! Fọ́ọ̀mù wà, ìbọ̀wọ́ wà, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ abẹ rẹ̀ wò. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ ẹ̀gbọ́n mi!"

"Mà, mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Ó ní òun ò ní tẹ ìka!"

Alàgbà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà lórí pẹpẹ. "Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ṣe é. Ohun tó fa gbogbo èyí ni pé iṣẹ́ náà ò ní ètò. Ẹ jẹ́ ká dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Abẹ Àánú. Ká rán aṣọ fún wọn, ká fún wọn ní báàjì, ká fi orúkọ bàbá sára ògiri wọ́ọ̀dù, kí iṣẹ́ rere yìí má bàa parẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́."

"Mi ò tíì kú," bàbá ní.

"A ò ní ẹ ti kú, ọjọ́ iwájú là ń wò."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ògiri sílẹ̀ ná," mo ní. "Mà, ta ló kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yín kí wọ́n máa bi aláìsàn léèrè ibi tó fẹ́ kọjú sí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Bá a ṣe bá a níbí—" Ó wo báàgì dúdú tó wà lọ́wọ́ bàbá, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ rí i!" Alàgbà fò dìde. "Ẹ rí ohun tí mo ń sọ! Èyí gan-an ló yẹ ká kọ sára ògiri!"

"Alàgbà, mo ní ẹ gbé ògiri sílẹ̀!"

"Ògiri tèmi ni, ẹ̀yin méjèèjì," Mẹ́tírọ̀nù ní, "kò sì sẹ́ni tó máa kan nǹkan kan mọ́ ọn láìsí ìwé. Ìwé ni mò ń sọ. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa pè, wọn ò ní pe ẹgbẹ́ akọrin."

"Ṣé ẹ ò wá lè fún un ní ọ̀sán òní nìkan ni?"

"Tí mo bá fún un ní òní, kí ni màá sọ fún ẹni tó bá dé lọ́la?"

"Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lo ọdún méjìlélógún!"

Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alàgbà ti mú bírò, ó ń ya báàjì sẹ́yìn ìwé ìsìn. Mẹ́tírọ̀nù ń wá fọ́ọ̀mù nínú àpótí tábìlì, ó ń ní kò sí èyí tó bá a mu, kò sí ti onígbàjámọ̀. Èmi ń lu tábìlì. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Bàbá Kánmọ́kánmọ́ ti rìn dé fèrèsé, ó ti rìn padà. Ó yọ àpò bébà kan nínú àpò àyà rẹ̀, ó wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó dá a padà. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Omi yẹn á ti máa tutù," ó ní.

"Bàbá, a ò tíì parí o," Mẹ́tírọ̀nù ní, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ. Èmi ní ẹnì kan tí mo fẹ́ bi léèrè."

Ó ti ṣí ilẹ̀kùn. Alàgbà ṣì ń bi í pé àwọ̀ wo ló fẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́. Mẹ́tírọ̀nù dìde, ó la ẹnu, kò sì pe onígéètì. Mo sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Géètì wà lápá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́ọ̀dù wà lápá ọ̀tún. Ọ̀tún ló yà sí, ó ń lọ kánmọ́kánmọ́.